Ìtàkùn Tó Ń Yí Sápá Òsì

Ẹ jókòó. Ẹ má wo ọwọ́ òsì mi tó wà lórí apá àga yìí ná, a ó dé ibẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ kọ mí lóminú ni kí n kọ́kọ́ sọ: ìtàkùn yẹn ń yí sápá òsì.

Ẹ máa ní kí ló burú níbẹ̀, kí ìtàkùn máa yí síbi tó bá wù ú. Ẹ ní sùúrù. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ọgbà. Mo ti kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ onílẹ̀ títí awọ orúnkún mi fi yi bí awọ bàtà. Ìtàkùn tí mò ń sọ yìí, èyí tó máa ń yọ òdòdó funfun tó lanu bíi fèrè láàárọ̀, tó sì máa ń panu dé bí oòrùn bá mú, ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀. Bí ẹ bá dúró síwájú igi tó ń gùn, ẹ ó rí i pé ọwọ́ òsì yín ló ti ń bọ̀, yóò gba iwájú igi kọjá sí ọwọ́ ọ̀tún yín bó ṣe ń gòkè. Bó ṣe ń ṣe lágbàlá olówó nìyẹn, bó ṣe ń ṣe lẹ́yìnkùlé tálákà nìyẹn. Bí ẹ bá fi ọwọ́ yí i sódì, yóò tú ara rẹ̀ sílẹ̀, yóò padà sọ́nà tó mọ̀. Olóríkunkun ni. Mo ti tu ú níye ìgbà tí mi ò lè kà, mi ò sì rí ẹyọ kan rí tó yí sápá òsì.

Àfi èyí tó wà lọ́gbà Ọ̀gá mi tó kọ́ mi níṣẹ́.

Ìyàwó Ọ̀gá ló pè mí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fẹsẹ̀ kúrò nílé yẹn, kí fóònù tó dún láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bí mo ṣe ń pọ́n ọkọ́ lọ́wọ́.

“Kánjú,” ohùn kan wí. “Ṣé Kánjú nìyẹn?”

Mo gbé ọkọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ yẹn pè mí mọ́. Ilé Ọ̀gá ni wọ́n ti sọ mí bẹ́ẹ̀, torí pé nígbà yẹn mi ò lè ṣe ohunkóhun pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kódà oúnjẹ, mo máa ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

“Èmi ni, Màmá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.”

“Ọjọ́ mẹ́ta kọ́ lèyí o. Èèyàn á ti bímọ, ọmọ ọ̀hún á ti gbéyàwó.” Màmá wá sọ ohun tí wọ́n fi pè mí. “Ara Ọ̀gá rẹ ò le. Rọpárọsẹ̀ ti dá wọn dùbúlẹ̀ láti ọdún tó kọjá, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Nǹkan kan sì ti gba ọgbà wọn. Mo ti pe èèyàn méjì, wọ́n gé e lọ, ó tún padà.”

“Báwo ló ṣe rí, Màmá?”

“Ewé rẹ̀ jọ ti ọ̀dùnkún. Mo tiẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló ṣàánú wa tó gbìn ín sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dùnkún kì í gba fèrèsé wọlé.”

Ó yẹ kí n sọ pé mi ò ráàyè. Ohun kan wà láàárín èmi àti ilé yẹn tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò mọ̀. Bí Màmá ṣe ní Ọ̀gá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí ni pé ara mi fúyẹ́. Ìtìjú ni, mo mọ̀. Lẹ́yìn náà ni inú mi wá bàjẹ́, mo sì ní mò ń bọ̀.

Màmá ti ń dúró lẹ́nu géètì nígbà tí mo dé. Irun wọn ti funfun tán, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣì mú. Wọ́n mú mi gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn. Igi rósì mẹ́rìnlá ni Ọ̀gá gbìn sí ẹsẹ̀ ògiri ọgbà, mo mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mi ò rí rósì kankan. Ewé nìkan ni mo rí, àti òdòdó funfun lórí rẹ̀, gbogbo wọn kọjú sílé.

Mo já ewé kan, mo fi han Màmá. “Ẹ wò ó, ó jọ ti ọ̀dùnkún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣóńṣó orí rẹ̀ dà bí orí ọfà. Ọ̀dùnkún máa ń ta sísàlẹ̀ fún wa. Èyí kò ní nǹkan kan tó fẹ́ fún ẹnikẹ́ni.” Mo wú ilẹ̀ díẹ̀, mo fa gbòǹgbò rẹ̀ yọ, ó funfun bí òwú tí wọ́n fi ń rán àpò. “Ẹ má gé e, ẹ má sì fà á já. Èyí tó bá kù sílẹ̀, kó má ju èékánná lọ, yóò hù. Ẹni tó bá gé ọ̀kan sí mẹ́wàá, mẹ́wàá ló gbìn.”

“Áà! Àṣé ńṣe ni àwọn tí mo pè ń bá mi gbìn ín.”

“Wọ́n bá yín gbìn ín, ẹ tún gbé oúnjẹ fún wọn.”

Màmá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rósì àkọ́kọ́ kí n lè wo bí ó ṣe gùn ún, ẹ̀rín náà sì gbẹ lẹ́nu mi.

Ọwọ́ ọ̀tún mi ni ìtàkùn náà ti ń bọ̀, ó ń lọ sósì. Mo lọ sídìí èkejì, bákan náà. Mo wo gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí, mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo fi ìka tọ ipa rẹ̀. Bí mo ṣe ń tọ̀ ọ́ lọ ni ìka mi bọ́ sáàárín ìtàkùn àti igi. Ààyè wà níbẹ̀. Ìtàkùn yìí kì í fi ààyè sílẹ̀ fún ohun tó bá dì mọ́. Fífún lọ́rùn pa ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí rọra dì mọ́ rósì bí ẹni ń gbé aláìsàn dìde, ààyè tó fi sílẹ̀ sì tó ìka kan gẹ́lẹ́.

Mo yọ ìka náà jáde. Mo mọ ẹni tó ń so nǹkan báyìí.

Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣiṣẹ́ nílé yẹn láyé ijọ́un: Ọ̀gá, èmi, àti àbúrò Ọ̀gá tí ìyá kan náà bí wọn. Ẹgbẹ́ mi ni àbúrò yìí, òun gan-an ló sọ mí ní Kánjú. Èmi náà sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-òsì, torí ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Bí Ọ̀gá bá ń so òdòdó mọ́ ọ̀pá, okùn wọn á yí lọ sápá ọ̀tún. Ti Ọlọ́wọ́-òsì á yí lọ sápá òsì, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dá iṣẹ́ wọn mọ̀. Òfin kan náà ni wọ́n sì kọ́ mi: kí n ki ìka kan bọ inú okùn lẹ́yìn tí mo bá so ó tán. “Bí ìka ò bá wọlé,” Ọ̀gá máa ń wí, “o ò so ó o, o pa á ni.”

Mi ò sọ ohun tí mo rí fún Màmá. Mo ní kí n kọ́kọ́ kí Ọ̀gá.

Yàrá wọn wà lẹ́yìn ilé, fèrèsé rẹ̀ kọjú sọ́gbà. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Òórùn ọṣẹ àti ìpara wà níbẹ̀, pẹ̀lú òórùn ilẹ̀ tútù tí kò yẹ kó wà nínú yàrá. Ọ̀gá tó máa ń gbé àpò ajílẹ̀ méjì léjìká lẹ́ẹ̀kan náà ti rù kan egungun lórí bẹ́ẹ̀dì. Apá ọ̀tún wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Ọ̀gá mi, Kánjú ni. Ọlọ́run á fún yín lálàáfíà.”

Wọ́n wò mí. Ojú wọn kúrò lára mi, ó padà sí fèrèsé. Mo tẹ̀ lé ojú náà. Orí ìtàkùn kan ti gba àárín irin fèrèsé wọlé, ó sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, ó nà gba orí aṣọ ìbora títí dé ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì Ọ̀gá. Ó ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kó kàn wọ́n.

“Àràárọ̀ ni mò ń gé e,” Màmá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ létí mi. “Tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti padà. Lọ́jọ́ kan mo ti fèrèsé pa. Ńṣe ni wọ́n ń ké bí ọmọdé títí mo fi ṣí i. Ẹ̀rù ń bà mí, Kánjú. Mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ mú wọn lọ ni.”

“Koríko ni, Màmá. Koríko kì í mú èèyàn.”

Mo sọ ọ́ bí akọni. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni mo ti sún kúrò lẹ́bàá ìtàkùn náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe fún yín báyìí, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú mi. Ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ìtàkùn yìí hù lójú kan péré nínú ọgbà yẹn, kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ. Ọ̀gá ní kí n fi fọ́ọ̀kì ńlá tí a fi ń wú ilẹ̀ wú u, kí n máa fi ọwọ́ ṣa gbòǹgbò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bó bá gba ọjọ́ mẹ́ta kó gbà á. Òun àti Ọlọ́wọ́-òsì wá lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Òjò ṣú. Mo wo ilẹ̀, mo wo ojú ọ̀run, mo lọ gbé ẹ̀rọ ìtúlẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iṣẹ́ ti parí, ilẹ̀ ti rí múlọ́múlọ́. Mo tún ti ẹ̀rọ náà gba ẹsẹ̀ gbogbo rósì kọjá kí ojú ilẹ̀ lè dọ́gba. Orin ni mò ń kọ lọ sílé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìtàkùn hù ní gbogbo ibi tí táyà ẹ̀rọ yẹn tẹ̀.

Ọ̀gá pe àwa méjèèjì. Inú wọn ru. Wọ́n ní ta ló fa èyí. Ó ṣẹlẹ̀ pé Ọlọ́wọ́-òsì ti ra òdòdó inú ìkòkò mẹ́fà wá lóṣù yẹn, bẹ́ẹ̀ Ọ̀gá ti ń kìlọ̀ fún un tipẹ́ pé kó má gbé ilẹ̀ ibòmíràn wọ ọgbà òun. Ẹnu mi sáré ju orí mi lọ. Mo ní, “Àbí inú ìkòkò tó rà wá ló ti wá?”

Gbólóhùn kan ṣoṣo. Ọ̀gá yíjú sí àbúrò wọn. Àbúrò ní òun kọ́. Ọ̀gá ní òpùrọ́ ni, pé látìgbà tí ìyá àwọn ti kú ló ti ń fojú di òun. Ọ̀rọ̀ ìyá wọ̀ ọ́, ohùn ròkè. Ọlọ́wọ́-òsì wá wò mí. Ó mọ̀. Òun ló fọ ẹ̀rọ yẹn lọ́jọ́ kejì, ó ti rí gbòǹgbò funfun tó lọ́ mọ́ eyín rẹ̀. Mo ń dúró kó sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Ó kàn ní, “Kánjú, ó dáa,” ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi há orí ògiri, ó sì jáde. Kò wọ ilé yẹn mọ́. Èmi náà ò lè dúró pẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù kejì, lẹ́yìn tí Ọ̀gá ti fọwọ́ ara wọn ṣa ìtàkùn náà tán, mo wá àwáwí, mo lọ dá iṣẹ́ tèmi sílẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ó ku ọdún kan kó pé ogún.

Lọ́jọ́ tí mo dé yẹn, mo ṣe bí ẹni pé iṣẹ́ ni iṣẹ́. Ẹ̀tàn la fi ń ṣẹ́gun ìtàkùn yìí. Ẹ ó ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ jìnnà sí òdòdó, ẹ ó rọra darí orí rẹ̀ síbẹ̀ kó gun ọ̀pá. Bí ewé rẹ̀ bá ti pọ̀, ẹ ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun oògùn apakoríko sí i lára. Yóò fi ẹnu ara rẹ̀ gbé ikú lọ sí gbòǹgbò. Ọgbọ̀n ọ̀pá ni mo rì. Mo darí ìtàkùn sí gbogbo rẹ̀, mo fa èyí tó wà nínú yàrá jáde láìgé e. Ọ̀gá ò ké. Wọ́n kàn ń wò mí.

Mo padà lágogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò sí ọ̀pá kan lórí ìdúró. Ihò wọn wà nílẹ̀, mo kà á, ọgbọ̀n. Mo wò yíká. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì tí a ń kó irinṣẹ́ sí, gbogbo ọ̀pá náà fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n tò dọ́gba, ìtàkùn tútù sì dì wọ́n lójú méjì, lókè àti nísàlẹ̀. Ìdì náà yí sápá òsì. Ojú kan lèmi àti Ọ̀gá máa ń di ọ̀pá bí iṣẹ́ bá parí. Ọlọ́wọ́-òsì nìkan ló máa ń dì í lójú méjì. Òdòdó funfun kan ti là lórí ìdì tòkè, ìrì wà lẹ́nu rẹ̀.

Màmá jáde sí mi. “O kú iṣẹ́ àná o. O tiẹ̀ tún kó ọ̀pá jọ kí o tó lọ. Ìwà rẹ ti yí padà.”

Mo kọjú sí wọn. “Màmá, ìgbà wo gan-an ni nǹkan yìí tún bẹ̀rẹ̀ sí í hù?”

“Ọdún tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n wá túfọ̀ àbúrò ọkọ mi.”

Mo yíjú sí ìdì ọ̀pá náà. Màmá wò mí.

“O ò gbọ́ ni? Ọlọ́wọ́-òsì ti kú, ìlú tó lọ ló kú sí. Nígbà tí wọ́n sọ fún Ọ̀gá rẹ, wọn ò sunkún. Wọ́n wá dúró sínú ọgbà níbí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n ṣubú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá mi sọ kẹ́yìn ni pé, ‘Ṣé àbúrò mi lè purọ́ fún mi?’” Màmá kọjú sí fèrèsé Ọ̀gá. “Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀. Títí dòní, bí wọ́n bá wò mí, ìbéèrè yẹn náà ni mò ń rí lójú wọn. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí wọ́n lọ, tí wọn ò sì lè dìde.”

Màmá wọlé lọ gbé tíì kaná. Mo dúró láàárín ọgbà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wo ọ̀nà géètì, ó wà ní ṣíṣí. Kò sẹ́ni tó mú mi. Ẹni tó mọ̀ ti kú, ẹni tó ń bèèrè ò lè sọ̀rọ̀. Mo rò ó dáadáa pé kí n máa lọ. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ ni mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì Ọ̀gá dún nínú yàrá, mo sì yà sọ́dọ̀ wọn.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìtàkùn ti padà wọlé, ó wà lórí aṣọ ìbora bó ṣe wà lánàá.

“Ọ̀gá,” mo ní, “àbúrò yín ò purọ́ fún yín. Èmi ni. Ẹ ní kí n fi ọwọ́ ṣa á, mo gbé ẹ̀rọ wọ̀ ọ́. Kì í ṣe inú ìkòkò ló ti wá. Ó mọ̀ pé èmi ni, kò sì tú mi fó. Mo jẹ́ kí ẹ pè é ní òpùrọ́.”

Mo rò pé màá sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Odindi ọdún mọ́kàndínlógún, ó tán láàárín èémí mẹ́rin.

Ọ̀gá wò mí pẹ́. Omi yọ ní ìkángun ojú wọn, ó ṣàn lọ sínú etí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọwọ́ òsì wọn lórí aṣọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa ẹrù, títí ó fi kan ìtàkùn. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́, aṣọ fèrèsé ò mì. Mo fi ojú ara mi rí i tí ìtàkùn náà gbé orí sókè. Ó yí ọrùn ọwọ́ Ọ̀gá ká lẹ́ẹ̀kan, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kejì, ó wá dúró jẹ́ẹ́. Ààyè ìka kan wà níbẹ̀.

“Àbúrò,” Ọ̀gá wí. Ọ̀rọ̀ náà jáde ketekete.

Wọ́n mí kanlẹ̀. Mo ń dúró kí wọ́n wò mí, kí n rí nǹkan kan lójú wọn, bó ṣe ìbínú ni. Wọn ò wò mí. Wọ́n dijú, wọ́n sùn.

Nígbà tí mo yíjú padà, Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Ẹnu mi yìí ni mo fi pè é ní òpùrọ́,” Màmá wí. Wọn ò pariwo. “Nígbà tó kú, mi ò lọ síbi ìsìnkú.” Wọ́n gbé ife náà lé mi lọ́wọ́. “Mu tíì rẹ, kí o máa lọ.”

Mo mu ún tán. Ó gbóná, ó bó mi lẹ́nu, mi ò lè dá mímu rẹ̀ dúró.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin Màmá pè mí pé Ọ̀gá ti lọ lọ́sàn-án yẹn, pé ẹ̀rín wà lẹ́nu wọn. Màmá ní nígbà tí àwọn fẹ́ gbé wọn, ìtàkùn tú ara rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn, ó rọra fà sẹ́yìn gba fèrèsé jáde. Kí ọjọ́ tó ṣú, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n ní kí n wá parí iṣẹ́ mi.

Mi ò gbé ẹ̀rọ kankan lọ. Fọ́ọ̀kì ni mo gbé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi kúnlẹ̀ tí mò ń ṣa gbòǹgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbòǹgbò tó máa ń já bí ẹ bá fojú líle wò ó, kò já rárá. Okùn kan ṣoṣo tó gùn láìlópin ló ń jáde, mo ń ká a jọ bí ẹni ń ká okùn kànga. Mo sun ún. Mo fọ bàtà rọ́bà mi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó wọ̀ ọ́ jáde níbẹ̀, torí ẹsẹ̀ bàtà ni nǹkan yìí fi ń rìn láti ilé dé ilé.

Màmá sìn mí dé géètì. “Ní tèmi, Kánjú, mo ti dárí jì ọ́. Mo ti darúgbó jù láti máa di ẹrù yẹn.” Wọ́n ti ilẹ̀kùn géètì díẹ̀. “Ti àwọn méjèèjì, mi ò lè bá wọn sọ ọ́.”

Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà ló hù síbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn yìí. Mo rí ewé orí-ọfà yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan bí mo ṣe ń gbálẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Méjì ni. Ọ̀kan ń yí lọ sápá ọ̀tún, èkejì ń yí lọ sápá òsì, wọ́n ń gba orí ara wọn kọjá bí irun tí wọ́n dì, wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ àga mi.

Mo ní oògùn nílé. Mo ní ọ̀bẹ. Ogún ọ̀nà ni mo mọ̀ tí mo lè fi pa á, mi ò lo ọ̀kan. Mo ri ọ̀pá kan fún un kó lè rí nǹkan gùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo tòògbé lórí àga yìí. Nígbà tí mo jí, ó ti yí ọrùn ọwọ́ òsì mi ká lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò mira. Mo na ìka ọwọ́ kejì, mo kì í bọ àárín òun àti awọ ara mi.

Ìka náà wọlé. Mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Mo wá rọra tú u, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, mi ò kánjú. Lọ́jọ́ kejì mo tún padà wá jókòó.

Bó ṣe wà nìyẹn. Àràárọ̀ ló máa ń wá, àràárọ̀ ni mo máa ń ki ìka bọ̀ ọ́ wò. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Bí mo bá ti dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, tí mò ń bá ayé mi lọ bí ọmọlúàbí tí ò ṣe nǹkan kan rí, ó máa ń fún. Ọjọ́ tí mo bá rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí mo dárúkọ ara mi níbi tó yẹ, ó máa ń dẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti gbọ́ ọ tán. Ẹni tó ń ka mítà iná ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, kò wá mọ́.

Torí náà ni mo ṣe ní kí ẹ jókòó, ẹ̀yin tí ẹ kàn wá bèèrè ọ̀nà. Ẹ lè wo ọwọ́ mi wàyí, àti ìtàkùn tó yí i ká. Láàárọ̀ yìí, kí ẹ tó dé, ọmọńdinrín nìkan ló wọlé. Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n tún un wò.